Àwọn Òpó Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, mo dúró ní ìparí afárá pákó, ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dá wa lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wà lẹ́yìn mi, èkejì ń fà mí ní ìró. Mo tẹ áàpù náà. Ojú rẹ̀ funfun, ó yí díẹ̀, ó sì pa dé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún pa dé. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo fi etí ìró nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ló fà á. Kò ṣí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọkọ mi máa dé láti Zion Pepe, níbi tó ti lọ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa ṣe. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ẹtì ló máa wọ òkun. Bí áàpù yẹn kò bá ṣí, bí ẹni tí a di lójú ló máa wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Abereke là ń gbé, a dojú kọ òkun. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ilé wà níwájú ilé wa, òmíràn wà níwájú ìyẹn, ẹ ó rin ọ̀nà pákó títí kí ẹ tó rí omi iyọ̀. Ní báyìí, ilé wa ló kù níwájú. Òkun gba àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kan ẹnì kan, á tú pákó, á tú páànù, á kó o sẹ́yìn, á tún ilé mìíràn kọ́. Ṣùgbọ́n òpó tó gbé ilé ró lórí omi kò ṣeé tú. Igi líle ni òpó ilé wa, inú ẹrẹ̀ jíjìn la gbá a wọ̀. Ilé á lọ, òpó á kù. Bí omi bá kún, ẹ kò ní rí nǹkan kan, àfi omi tó ń dán. Ọkọ̀ tó bá sáré dé ibẹ̀ ló máa mọ̀. Ọkọ̀ aládùúgbò wa kan gun ọ̀kan nínú wọn, ó dojú dé. Ibi méjì ni ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti ṣẹ́. Títí di òní, igi ló fi ń rìn.

Nígbà kan, igi àgbọn kan làwọn apẹja máa ń wò. Bí àgbọn bá bo góńgó orí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yà sọ́tùn-ún. Òkun wú àgbọn náà. Ó gba ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú.

Èmi ni mo wá ronú kan áàpù tó ń sàmì sí ibi téèyàn bá dúró. Èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ fi sàmì sí àwọn òpó náà. Ìye là ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá nílé wa. Àárọ̀ mẹ́ta la fi ṣe é, nígbà tí omi fà. Ìye jókòó níwájú ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, èmi ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ náà.

Á ní, "Ibí ni ilé aránṣọ." Á ti ọ̀pá bọ omi. Kọ́! Òpó nìyẹn. Màá tẹ áàpù, màá kọ ọ́ sí i: Aránṣọ. A tún lọ díẹ̀. "Ibí ni àtẹ̀gùn ìyá oníbúrẹ́dì. Obìnrin yẹn! Búrẹ́dì rẹ̀ le ju òpó rẹ̀ lọ." Kọ́! Màá tẹ̀ ẹ́. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni ilé ìdáná Ìye fúnra rẹ̀. Ó gbá òpó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá ń lọ sókun, á fi fóònù mi sínú ọ̀rá, á so ó mọ́ ọrùn. Bó bá ti súnmọ́ òpó, fóònù á ké. Tirẹ̀ kò lè ṣe é, fóònù oní-tọ́ọ̀ṣì ni, èyí tó ní bọ́tìnnì.

Kí ló wá dé tí mo fi ọwọ́ kan nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Mi ò ní parọ́ fún yín. Ara mi kì í gba ìjókòó. Nílé ẹ̀kọ́ girama ní Igbókọ̀dá, èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà jù ní kíláàsì wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan la ní, a sì máa ń tò kó tó kàn wá. Mo jáde, mo relé ọkọ, mo bí ìbejì. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ mi débi pé mo lè gé wọn jẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, mò ń fọ nǹkan, mò ń yan ẹja, mò ń fún ọ̀kan lọ́mú, mò ń gba èkejì sílẹ̀ kó má bàa bọ́ sómi. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, mi ò ní tíì ro ẹyọ èrò kan tó jẹ́ tèmi.

Ọjọ́ kan ni mo rí i pé àwọn tó ṣe irú fóònù mi ń wá àwọn tó máa bá wọn dán nǹkan wò. Wọ́n ti ṣe ẹ̀yà tuntun ohun tó ń darí fóònù látìsàlẹ̀ wá. Bétà ni wọ́n ń pe èyí tí kò tíì jinná. Èèyàn á gbé e sórí fóònù rẹ̀, á máa ṣí áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn áàpù tí kì í ṣe àwọn tó ni fóònù ló ṣe wọ́n, á wá sọ èyí tó ṣí àti èyí tó kọ̀. Mo fi orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbà mí, mo jó nínú ilé. Àwọn ìbejì rò pé àwọn ni mò ń jó fún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ìye bi mí pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Mo ní, "Ìye, bí ìgbà tí a bá ń pààrọ̀ òpó abẹ́ ilé ni, tí onílé ò sì jáde. Àwọn kan wà nísàlẹ̀, wọ́n ń yọ ògbólógbòó, wọ́n ń ti tuntun bọ̀ ọ́. Èmi wà lókè, mò ń wò ó bóyá ìkòkò ẹnì kankan dà nù."

Ìye ní, "Ó yé mi. Ó máa ń dà nù."

Wọ́n kìlọ̀ fún wa o. Wọ́n ní ká má gbé e sórí fóònù tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí a ní. Mélòó ni mo fẹ́ ní? Wọ́n tún ní ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì. Ìyẹn ni mo gbọ́. Mo kó àwòrán àwọn ọmọ sínú káàdì, mo kọ nọ́ńbà gbogbo èèyàn sínú ìwé eléwé ọgọ́ta. Àwọn àmì òpó nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Mo rò pé inú òkun ni wọ́n wà. Pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀, ọkàn mi sọ fún mi pé ibi tí mo ti tẹ àmì náà ló dúró sí, lórí òpó rẹ̀, tí ohun tó ń wò wá láti ojú sánmà sì ń rí i. Kò wá sí mi lọ́kàn pé inú ike pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni gbogbo ilé wọ̀nyẹn kó sí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbádùn iṣẹ́ náà. Mo to áàpù sínú ìwé, mò ń fàmì sí èyí tó bá ṣí. Bíbélì ṣí. Ẹ̀rọ ìṣirò ṣí. Èyí tí mo fi ń gbọ́ orin ṣí, àmọ́ ó ń kọ orin bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Mo tilẹ̀ gbé áàpù àkókò ìrun sórí rẹ̀ nítorí àlájà tó ń bá wa ṣáájì fóònù, inú ìdílé àwọn onísòwò tó ti pẹ́ lórí omi yìí ló ti wá. Mo fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kí jẹnẹrétọ̀ lè fún un lágbára. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì.

"Ìyá Ìbejì! Wá gbé fóònù rẹ o! Ó ń pe ìrun alásárì, èmi ò sì tíì fọ ẹnu!"

"Ẹ má bínú, Àlájà. Wọ́n ṣì ń tún un ṣe ni."

"Wòlíì èké ni. Gbé e kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi kó tó sọ mí di aláwẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé: áàpù ìrun, aago rẹ̀ sáré. Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, ni mo wá tẹ áàpù òpó. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ àwa tí à ń dán an wò, àwọn èèyàn tí mi ò rí rí. Ẹnì kan fèsì pé kí n yọ áàpù náà kúrò pátápátá, kí n tún gbé e wọlé, pé á ṣí. Ìka mi ti wà lórí rẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tó ti ń gbọ̀n, tó ń bi mí pé ṣó dá mi lójú. Ìgbà náà ni èyí tó wà lẹ́yìn mi pariwo, nítorí pé àbúrò rẹ̀ gbá a nídìí. Mo yíjú sí wọn. Nígbà tí mo padà sójú fóònù, ẹlòmíràn ti kọ ọ́ pé kí n má gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, pé bí mo bá yọ áàpù náà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa bá a lọ. Mo ní ṣé mo wá lè padà sí ẹ̀yà àtijọ́? Ó ní mo lè padà, ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu gbogbo inú ara rẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ mi kò dúró sójú kan ní ọjọ́ náà. Mo lọ sí ìparí afárá, mo bọ̀. Mo jẹ́ kí ẹja jóná. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ṣe áàpù náà, mo tún lọ wò ó bóyá ó ti fèsì, mo tún lọ. Ìye ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọma mi, ṣé inú ló ń run ọ́ ni?"

"Rárá, Ìye."

"Nítorí pé bí ẹni tí inú ń run lò ń rìn."

Ọkọ mi dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ra búrẹ́dì bọ̀ fáwọn ọmọ. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti ń kọrin, pé ẹja ṣáwá ti dé, pé àwọn tó lọ lánàá kò ríbi kó ẹsẹ̀ sí nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ó fọwọ́, ó jókòó.

"Ìyá Ìbejì, fóònù dà? Kí n rí i pé iná rẹ̀ kún."

Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ Àlájà. Ó ń ṣáájì."

Kí n tó pa ẹnu dé, fóònù pe ìrun nínú ìró mi. Ìye bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀. Mo dúró sọ ọ́ ni, mi ò lè jókòó. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àwọn wo ló ní kí o ṣe é?"

"Àwọn tó ṣe fóònù."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé òpó wà níbí?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé o lọ́kọ?"

Mo yọ fóònù nínú ìró, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Ó dáa ná. Èmi lo wá fi dán an wò."

Bó bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì jáde lọ wo àwọ̀n rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà; iyanrìn ti dí apá kejì. Kò sì lè ní òun ò lọ, torí ṣáwá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ń ro ọkùnrin tó ń fi igi rìn. Mò ń ro ó, mo sì ń ká aṣọ àwọn ọmọ, mò ń tú u, mo tún ń ká a.

Ìye ló sọ̀rọ̀. "Ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ kó sinmi. Lọ́la, èmi ni áàpù."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Ní àárọ̀ Ẹtì, Àlájà gba àwọn ìbejì lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé òun nìkan bí mẹ́jọ. Ìye jókòó níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó we gèlè dúdú mọ́ etí nítorí atẹ́gùn. Èmi wà láàárín pẹ̀lú òfìfo kẹ́ẹ̀gì kéékèèké àti okùn àwọ̀n, tí màá máa so mọ́ òpó tí a bá rí. Ọkọ mi gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó mú àjẹ̀. Omi kún, ìkùukùu díẹ̀ wà lójú rẹ̀.

"Aránṣọ nìyí. Yà." Kọ́! Mo na ọwọ́ sínú omi, mo so kẹ́ẹ̀gì mọ́ orí òpó. "Oníbúrẹ́dì." Kọ́! Mo so ó. Mo rí i pé èjìká ọkọ mi ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹtàlá, Ìye ní kí a lọ tààrà, pé àlàfo wà níbẹ̀, ọ̀nà ni tẹ́lẹ̀. A lọ tààrà. Ohun kan gbá abẹ́ ọkọ̀, gbàù! Apá òsì gbéra sókè, omi wọlé sórí itan mi. Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo di aṣọ Ìye mú. Ọkọ mi ju ara rẹ̀ sí apá tó gbéra, ọkọ̀ sì padà balẹ̀. Òkun ló ti gbé òpó ilé mìíràn débẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọmú mi ń dà nínú aṣọ, torí àkókò tí àwọn ọmọ máa ń mu ún ti tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ìye nu omi ojú rẹ̀, ó tún gbé ọ̀pá. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ṣi ọ̀kan pè títí a fi dé òpin.

"Ilé ìdáná mi nìyí. Yà sí òsì."

Ó ti ọ̀pá bọ omi. Kò gbá nǹkan kan. Ó fà á yọ, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Omi lásán ni. Ó wá a síwá, ó wá a sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sómi.

Ọkọ mi ní, "Ìye, ẹ jẹ́ ká lọ. Òkun ti wú u."

"Ibí ni mo ti ń yan ẹja nígbà tí ìrọbí rẹ mú mi."

"Mo mọ̀, Ìye."

"O ò mọ̀. O ò tíì sí níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, a jáde sínú omi gbalasa. Ọkọ mi sọ àwọ̀n, ẹja kún ọkọ̀ dé ìdajì, a sì tọ ipa kẹ́ẹ̀gì padà sílé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó bá Ìye sọ̀rọ̀, ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ bá ẹja sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ṣe áàpù náà fèsì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ti fi gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ṣàlàyé fún un: òpó, aránṣọ, ọkọ mi, Ìye. Ó ní òun nìkan ló ṣe áàpù náà. Ó ní òun rò pé àwọn tó ń gun òkè fún fàájì ló ń lò ó. Òun ò mọ̀ pé ẹnì kan ń fi í sàmì sí ilé. Ó ní kí n má yọ ọ́, pé òun ń tún un ṣe kó lè bá ẹ̀yà tuntun náà rìn, kí n fún òun láyè díẹ̀.

Àyè díẹ̀! Ìgbì ń já kẹ́ẹ̀gì mi lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, márùn-ún péré ló kù. Ìgbàkígbà tí ọkọ mi bá ń lọ, Ìye á jókòó síwájú ọkọ̀, ikọ́ sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí òtútù àárọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ, màá gbé ọmọ kan pọ̀n, màá fa èkejì lọ́wọ́, màá lọ sí ìparí afárá, màá tẹ áàpù. Á funfun, á yí, á pa dé. Bí mo bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì wọn tí wọ́n ń bọ̀, ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn ọrùn mi máa ń tó rọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn tó ni fóònù fi ẹ̀yà bétà mìíràn ránṣẹ́, ẹni tó ṣe áàpù òpó náà sì fi èyí tó tún ṣe ránṣẹ́. Mo gbé méjèèjì wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó funfun. Ó yí. Ó ṣí. Omi aláwọ̀ búlúù hàn, àwọn àmì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Aránṣọ. Oníbúrẹ́dì. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ka mọ́kànlélógójì. Mo ké débi pé Àlájà sáré jáde, ó rò pé ọmọ ló bọ́ sómi. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù Àlájà. Mo tún ṣe é sínú káàdì. Mo tún jókòó sílẹ̀, mo kọ nọ́ńbà gígùn gígùn tó ń sọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà sínú ìwé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ọwọ́ fi ń dùn mí.

Ọkọ mi gba fóònù, ó wò ó pẹ́. Òpó tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà ló kọ́kọ́ ní kí n fi kún un. Mo fi kún un. Ó wá ní, "Yọ ilé ìdáná Ìye kúrò. Kò sí òpó níbẹ̀ mọ́. Á kàn máa ké lásán ni, a ó sì máa yà fún omi."

Ìye wà nílẹ̀, ó ń fi pupuru bọ́ àwọn ọmọ. Kò gbójú sókè.

Mo na fóònù sí ọkọ mi. "Ìwọ ni kí o yọ ọ́."

Ó gbà á. Ó fi ìka lé orí rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì fi fóònù sínú ọ̀rá, ó di ẹnu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òun nìkan ló lọ. Ìye wà nílé, aṣọ òtútù wà lọ́rùn rẹ̀. Mo dúró ní ìparí afárá pẹ̀lú àwọn ọmọ, ara mi kò tíì balẹ̀ síbẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ níbi aránṣọ, bó ṣe tún gbé e sókè, bó ṣe tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó kọjá oníbúrẹ́dì. Ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ibi ilé ìdáná Ìye, níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín òun àti òkun.

Ìye pè mí láti inú ilé. "Ṣé ó ti jáde?"

"Ó kù díẹ̀, Ìye," mo ní. "Ó ń yà sí òsì."